Ọmọ Ilé Kì Í Tọrọ Àyè

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè mu omi?"

Ìbírónkẹ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá wí. N kò tíì gbójú sókè tí mo ti mọ̀ pé Elétí gbọ́. Òkè àjà ni ìjọba so ẹ̀rọ náà mọ́, ó rí roboto bí àdó, kò ju ohun tí ènìyàn lè dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ohun tó ń gbọ́ nínú ilé bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, iná ara rẹ̀ a tutù bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, a pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pọ́n bí ojú ẹni tó ṣàìsùn.

"Jókòó, ọmọ mi," ni mo wí. "Màá bù ú wá fún ọ."

"Ẹ ṣé gan-an, mà."

Ó tún pọ́n sí i.

Mo bu omi náà, ìdajì dà sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni wolé-wolé ń bọ̀ wá gbé Elétí sọ̀kalẹ̀. Bó bá bá a ní àwọ̀ ewé, Ìbírónkẹ́ á padà sí yunifásítì lórí òkè lọ́hùn-ún, níbi tó ti ń kọ́ bí a ṣe ń jí irúgbìn tó ti kú. Bó bá bá a ní pípọ́n, ọkọ̀ Ọgbà Iyọ̀ ni yóò gbé e lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ Ọgbà Iyọ̀. Etí òkun ni, níbi tí omi ti bo ìlú àtijọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìjọba tọ́, tí kò rí ilé kan dúró lẹ́yìn wọn, àwọn ló ń wa iyọ̀ níbẹ̀. A máa ń rí wọn tí ọkọ̀ bá ń gbé wọn kọjá, ètè wọn á ti bó, wọn kì í wo ojú ènìyàn. N kò tíì rí èyí tó padà wá parí ìwé rẹ̀ nínú wọn.

Ìyá tó bí ìyá mi a máa sọ̀rọ̀ wolé-wolé ayé tirẹ̀ fún wa. Ó ní wọ́n á wọlé wuuru, wọ́n á yọjú wo inú àmù bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bá tanwíji nínú omi rẹ̀ á sanwó ìtanràn, ó parí. Tiwa yìí, ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń wò bí tanwíji.

Mo gbé garawa, mo ní mò ń lọ síbi àwọ̀n ìrì. Ojú kan ṣoṣo nìyẹn tí Elétí kì í gbọ́ èèyàn dé. Orí àpáta ni wọ́n ta àwọn àwọ̀n náà sí. Ìrì á gbá wọn mú lóru, á máa kán sínú agbada, àwa obìnrin á sì lọ pín in. Ìyá Kàfáyátì, aládùúgbò mi, ni mo bá níbẹ̀, ó ń fún etí àwọ̀n bí ẹni ń fún aṣọ.

"Ìyá Gbénró," ló wí, "ojú rẹ dà bíi ti ẹni tó jẹ orógbó tí kò rí omi fi sìn ín."

"Ó ń pọ́n."

"Títí di ìsìnyí?"

"Ó tún tọrọ omi mu lẹ́ẹ̀kan. Omi ilé o, Ìyá Kàfáyátì. Ó tọrọ ọ̀nà ilé ìwẹ̀ láàárọ̀. Lánàá, ó bi mí bóyá òun lè ṣí fèrèsé."

Ìyá Kàfáyátì fi àwọ̀n sílẹ̀. Òun náà ti gba ọmọ kan rí, Babárìndé, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tó ń kọ́ iṣẹ́ afárá. Wọ́n gbé e lọ.

"Bí tèmi ṣe rí nìyẹn," ló wí. "Bó bá fẹ́ sùn, á béèrè. Bó bá fẹ́ wúkọ́, díẹ̀ ló kù kó béèrè. Mo ní ẹ̀kọ́ ilé ló ní, mò ń fi í yangàn kiri àdúgbò, bí ẹni tó bí i. Ó dìgbà tí wọ́n gbé e lọ tán kí ẹnì kan ní ọ́fíìsì wọn tó ṣàánú mi. Ó ní, 'Ìyá, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́. Ó ń gbọ́ ta ló wà nílé, ta ló wà lálejò. Ọmọ ilé kì í tọrọ àyè.'"

"Ṣé n ò wá lè sọ fún un ni?"

"Sọ fún un, kó o wá wo bí ọkọ̀ kan ṣe máa gbé ẹ̀yin méjèèjì. Ilé alágbẹ̀dẹ ìsàlẹ̀, àwọn kọ́ ọmọ tiwọn kó máa kanra mọ́ wọn. Ọmọ náà ń kanra bí ẹni tó ń ka ìwé. Ilẹ̀ ò ṣú tí ọkọ̀ fi dé. Ohùn ẹni tí a kọ́ a máa mọ́ jù, ẹ̀rọ yẹn sì mọ̀ ọ́n."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Fi ẹran sílẹ̀ nínú ìkòkò, kó o sùn. Ọmọ wo ni ìyá àgbà sùn ti ẹran tí kò jí i?" Ó gbé garawa rẹ̀ ka orí. "Àfi tó bá jẹ́ pé ọbẹ̀ rẹ ni kò dùn. Ìyẹn, èmi ò lè bá ẹ̀rọ jà sí i."

N kò rí ẹ̀rín rín.

Ẹ má rò pé òfin búburú ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo rántí ayé tí a ṣì ń gbé fóònù lọ́wọ́. Nígbà náà, bí ọmọ tí ìjọba tọ́ bá pé ọdún méjìdínlógún, wọ́n á gbé báàgì kan lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní ó dàbọ̀. Àwọn tó bá rí yunifásítì wọ̀ nínú wọn á máa bá ẹgbẹ́ wọn ṣe é, àfi tí ìsinmi bá dé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á dì ẹrù lọ sílé. Àwọn á jókòó sínú ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣófo, wọ́n á máa gbọ́ ẹsẹ̀ ara wọn. Àwọn kan kú síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò béèrè wọn. Ni ìjọba bá ní ó tó gẹ́ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan ò gbọdọ̀ wà mọ́ láìní ilé lẹ́yìn. Ilé tó bá gba ọmọ, wọ́n á fi kún omi rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwa èèyàn ò ṣeé fọkàn tán síbi tí omi bá wà. Àwọn kan gba ọmọ mẹ́ta mẹ́rin, wọ́n tì wọ́n mọ́ ẹ̀yìnkùlé, omi ni wọ́n ń mu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Elétí. Ohun tí wọ́n ṣe láti fi mú olè ló wá ń dẹ́rù ba olóòótọ́.

Èmi ò gba Ìbírónkẹ́ nítorí omi. Ìgbà ìjì eruku ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó kan ilẹ̀kùn mi, ó bi mí bóyá òun lè dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ o, tí ewúrẹ́ ń dùbúlẹ̀ sí láìgba àṣẹ. Eruku ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Mo bi í pé ilé ta ló ń lọ. Ó ní, "Mi ò tíì mọ̀, mà. Wọ́n ní ká wá ilé kí ìsinmi tó dé." Ó ń ti ẹnu ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá ẹni tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Gbénró ọmọ mi ti bá òkun lọ láti ọjọ́ yìí wá, n kò sì bí méjì. Mo ní kó wọlé.

Mo ṣe bí Ìyá Kàfáyátì ṣe wí. Ìgbín ńlá méjì wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń ṣìkẹ́. Mo fi wọ́n se ọbẹ̀, mo ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè rìn, mo sì dùbúlẹ̀ sórí ẹní nítòsí, mo ń han orun èké. Láìpẹ́ mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wọ yàrá ìdáná. Ó dúró. Mo gbọ́ tí ọmọrí ìkòkò dún. Mú un, mo ń wí nínú mi, mú un, jẹ ẹ́, fi aṣọ nu ọwọ́.

Ó fọwọ́ kan mí léjìká jẹ́jẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo jí yín. Ìkòkò ọbẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Mo ti bá yín dé e. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀."

Lókè àjà, ó ń pọ́n, ó ń pọ́n. N bá sunkún ká ní ojú kò tì mí.

"O ṣé, ọmọ mi," ni mo wí. Mo dìde, mo bu oúnjẹ rẹ̀ fún un, mo fi ìgbín tó tóbi jù sórí rẹ̀. Nígbà tó jẹun tán tó fẹ́ gbé àwo, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó lọ sinmi. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi fún un láti ọjọ́ tó ti dé, èmi ń sùn sórí ẹní.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, mo bá a nídìí igi iṣin lẹ́yìn ilé. Ó ṣa èso tó ti gbẹ jọ sórí ewé kan, ó ń gbé wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mì wọ́n. Ó ní ohùn irúgbìn tó ṣì lẹ́mìí yàtọ̀ sí ti èyí tó ti kú. Mo fìdí lé gbòǹgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Elétí ò gbọ́ dé ibẹ̀ dáadáa.

"Mà," ló wí, kò wo ojú mi, "mo mọ̀ pé ó ń pọ́n."

Mo mú èso kan lórí ewé rẹ̀, ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe tó ń pọ́n sí. Mo ń gbìyànjú. Mo rò pé bóyá mo ti ń dí yín lọ́wọ́, mo dín ọ̀rọ̀ sísọ kù, ó tún pọ́n. Níléèwé, a máa ń bi ara wa ohun tó ń gbọ́. Àwọn kan ní ẹ̀rín ni. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín nílé àwọn tó gbà á. Ó ń rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi dé, mà. Wọ́n ní nínú ọkọ̀ gan-an, kò lè dá a dúró."

Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Ọmọ ilé kì í tọrọ àyè. Kí ló ṣòro níbẹ̀ láti sọ? Bí mo bá sọ ọ́, á gbìyànjú, nítorí ọmọ tó ń gbìyànjú ni. Ọjọ́ kejì, á wọ yàrá ìdáná, á bu omi láìbéèrè, ohùn ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ́ jù, òpin ayé rẹ̀ nìyẹn. Bí n kò bá sì sọ ọ́, òpin náà ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì bí ẹni tó gbé èkùrọ́ mì.

"Báwo ni Ilé Ìtọ́jú yẹn ṣe rí?" ni mo bi í, kí ẹnu mi lè rí nǹkan mìíràn ṣe.

"Ó dára, mà. Ẹ̀rọ ló ń gbé oúnjẹ wá, ẹ̀rọ ló ń kó àwo. Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ. Tá a bá fẹ́ nǹkan, a máa béèrè, iná máa tàn. Tí iná ò bá tàn, kò sí nìyẹn." Ó mi èso kan, ó fi sápá kan. "Fọ́látómi kan wà ní kíláàsì wa. Tí ìyá rẹ̀ bá pè é, ìyá náà kì í kí i. Ó kàn máa ní, 'Fọ́látómi, tó o bá ń bọ̀, yà gba oògùn bàbá rẹ, kó o bá mi ra kànhìnkànhìn, má gbàgbé o.' Fọ́látómi á wá máa kùn pé iṣẹ́ ò ní tán nílé àwọn láyéláyé. Mo máa ń jókòó tì í tí wọ́n bá ti fẹ́ pè é."

"Kí lo ń jókòó tì í fún?"

"Mo kàn fẹ́ràn láti gbọ́ ọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ rí, mà."

Mo yí ojú sápá kan. Ó rò pé inú ń bí mi, ojú rẹ̀ yí padà kíá.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò ráhùn o. Ilé yín dára. Ó dà bí Ilé Ìtọ́jú gan-an. Ẹ kì í jẹ́ kí n ṣe nǹkan kan."

Bó ṣe wí nìyẹn, ìyìn ló sì fi ṣe. Ara mi tutù láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tó dára jù. Ìgbín tó tóbi jù. Jókòó, ọmọ mi. Má ṣe ìyọnu, ọmọ mi. Ta ni a ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún nílẹ̀ wa? Àlejò ni. A kì í rán àlejò níṣẹ́. Mo ti ń wò ó pé ọmọ yìí ò mọ bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ilé, èmi gan-an ni mo fi oore tì í sẹ́nu ọ̀nà. Gbénró tí mo bí, kò jókòó ìṣẹ́jú kan lójú mi kí n má rán an.

Mo ní mo ti rí oògùn rẹ̀. Mo wọlé, mo la ẹnu pé, "Ìbírónkẹ́, lọ..." Mo bá gbójú sókè, mo rí ẹyin pupa yẹn lórí àjà tó ń wò mí. Àbí ohùn tèmi náà á mọ́ jù? Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ránni níṣẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbọ́, òun náà ń ka ìwé ni.

"Mà?" ló dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé.

"Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Sinmi."

Ẹ̀rù yẹn ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí.

Wolé-wolé dé bí oòrùn ṣe ń mú. Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ó sanra, ó ń mí hẹlẹ nítorí òkè tó gùn. Ọkọ̀ funfun wà nísàlẹ̀ òkè lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ náà jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó ń jẹ ìrèké.

Láníyọnu kí mi dáadáa. Ó na okùn iná kan sí ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tàn.

"Mà, ìgbọ́ ìkẹyìn rèé. Kí ẹ máa ṣe ohun tí ẹ máa ń ṣe. Kí arábìnrin yìí má sọdá okùn títí ẹ̀rọ á fi sọ̀rọ̀. Bó bá sọdá, ontẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ á kú, a ó kà á sí ẹni tó sá."

Ontẹ̀ náà wà ní ọrùn ọwọ́ Ìbírónkẹ́, iná kékeré kan lábẹ́ awọ. Gbogbo wọn ló ní in. Òun ló ń sọ fún ayé pé ẹnì kan ń bẹ lẹ́yìn wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ìbírónkẹ́ wí, "ṣé mo lè jókòó?"

Lókè àjà, ó pọ́n bí ẹyin iná. Láníyọnu mí kanlẹ̀.

"Kì í ṣe èmi ni mo ń pọ́n ọn o, mà," ló sọ fún mi. Mo sì gbà á gbọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni wọ́n ní kí n ṣe. Mo ti se irú sórí iná láti àfẹ̀mọ́júmọ́, hóró rẹ̀ ti rọ̀, ó fẹ́ sísẹ́. Mo wọ yàrá ìdáná. Mo na ọwọ́ sí ibi tí ajere mi, ìkòkò oníhò tí mo fi ń sẹ́ irú, máa ń wà. Kò sí níbẹ̀. Mo wo abẹ́ tábìlì, mo wo ẹ̀yìn àmù, omi irú ń hó, ó ti ń dà sínú iná. Mo wá rántí. Ìyá Kàfáyátì ti yá a, láti ìgbà wo, ó ní ọ̀la lòun ń dá a padà. Bí obìnrin yẹn ṣe ń ṣe mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti di aládùúgbò mi. Inú bí mi ní tòótọ́.

"Ìbírónkẹ́," mo ké láti ibi tí mo wà, "sáré lọ bá mi gba ajere mi lọ́wọ́ Ìyá Kàfáyátì. Sọ fún un pé kì í ṣe tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó mọ̀. Mo yọ sí pálọ̀, mo mú orógùn lọ́wọ́. Ìbírónkẹ́ ti dìde, ó ti dé etí okùn iná. Ó ń wò mí.

"Mà," ni Láníyọnu wí, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ tó mú ọ̀bẹ sọ̀rọ̀, "ẹ pè é padà. Ẹ ní kó jókòó."

Mo wo okùn. Mo wo ọkọ̀ funfun. Bí mo bá ní kó jókòó, mo ti pa á pẹ̀lú oore, bí mo ṣe ń pa á bọ̀. Bí mo bá jẹ́ kó lọ, ontẹ̀ á kú, ìta sì ni ọkọ̀ wà.

"Ṣé..." ni Ìbírónkẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?" ni mo wí. "Ajere mi ni mo ní. Irú ń jóná."

Ó sọdá. Okùn náà han bí àdán. Mo rí i tí iná ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́jú, tó kú. Kò wẹ̀yìn.

Láníyọnu jókòó. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe báyìí, mà? Bó bá wọlé padà kí ẹ̀rọ tó parí, mo lè ní kò lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ yẹn bá kọ́kọ́ rí i pẹ̀lú ontẹ̀ tó ti kú, kò sẹ́jọ́ tí mo lè rò."

Ilé Ìyá Kàfáyátì kò jìnnà. Itọ́ kì í gbẹ kí ènìyàn tó lọ kó tó bọ̀. Mo sọ irú kalẹ̀. Mo padà sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí i. Mo ní kí n ka nǹkan kan lọ́kàn, n kò rí nǹkan kà. Awakọ̀ ti sọ ìrèké nù, ó ń na ara. Ó wo ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé Ìyá Kàfáyátì, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ síbẹ̀.

"Ìbírónkẹ́ o."

Kò sóhùn.

Láníyọnu sọ nǹkan kan lẹ́yìn mi, n kò mọ ohun tó sọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Elétí sí àjà mi ni mo ti ń bẹ̀rù òfin, ẹ̀rù tó ń jẹ́ kí ohùn èèyàn rọ̀. Ẹ̀rù yẹn kúrò lára mi, òmíràn wọlé, èyí tí n kò ní mọ́ láti ọjọ́ tí òkun gbé Gbénró. Òun ni ẹ̀rù ọmọ tó jáde tí kò tètè dé. Kì í jẹ́ kí ohùn rọ̀ rárá.

"Mo ní kó sáré," ni mò ń wí, mo ti bọ́ síta, mo dúró sórí òkúta, orógùn ń kán omi irú sí mi lẹ́sẹ̀. "Sáré ni mo wí, ṣé ó lọ mọ ajere tuntun ni? Ọmọ yìí á pa mí. Ìbírónkẹ́. Ṣé etí rẹ di ni?"

Awakọ̀ dé ìdí ọ̀nà. Ó dúró. Ó na ọwọ́ sápá kan bí ẹni tó ń dènà àgùntàn. Mo wá rí i. Ó gbé ajere ka orí, ìyẹ́ adìẹ lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀. Awakọ̀ sọ nǹkan sí i, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i wò, ó rí i pé kò síná níbẹ̀.

Ìbírónkẹ́ fa ọwọ́ rẹ̀ gbà.

"Ẹ yà fún mi lọ́nà, jàre," ó wí, mo gbọ́ ọ ketekete lókè níbi tí mo wà. "Ìyá mi ló rán mi níṣẹ́."

Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Awakọ̀ yẹn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń wo èmi, kò mọ ohun tí yóò ṣe fún obìnrin tó gbé ajere.

Ó gun òkè wá, ó ń mí gúlegúle. Kò kí Láníyọnu. Ó sọ ajere kalẹ̀ síwájú mi gbì.

"Ibo lo yà sí?" ni mo wí.

"Ẹ tún ń bi mí? Ìyá Kàfáyátì ní ajere ò sí lọ́dọ̀ òun. Mo ní ó wà. Ó ní kí n wá a tó bá dá mi lójú. Adìẹ ló ń sàba nínú rẹ̀ lábẹ́ àga. Ẹ wo ọwọ́ mi." Ó na ọwọ́ sí mi. Adìẹ ti ṣá a, ẹ̀jẹ̀ ti yọ díẹ̀ níbi tí ontẹ̀ wà. "Èmi ò lọ síbẹ̀ mọ́ o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa lọ bá a jà fúnra yín."

"Ìwọ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Irú yín ti jóná, mo ń gbóòórùn rẹ̀."

"Ta ló jẹ́ kó jóná? Kí n rán ọ níṣẹ́, kó o lọ fìdí kalẹ̀ kó o máa bá adìẹ du ìtẹ́? Àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. O ò mọ̀ pé ọkọ̀ wà nísàlẹ̀ yẹn ni?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o wá ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín."

Ohùn kan sọ̀rọ̀ nínú ilé lẹ́yìn wa, ohùn tín-ín-rín tí kì í ṣe ti ènìyàn. N kò fetí sí i. Ìbírónkẹ́ náà kò fetí sí i, ó ń yọ ìyẹ́ kúrò nírun, ó ń kùn.

"Mà," ni Láníyọnu pè mí.

Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo ń fi etí ìró mi nu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

"Mà, ẹ gbọ́. Mo ti kọ ọ́ pé kò lọ jìnnà. Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọ ilé ni."

"Dúró ná, ọ̀gá," ni mo wí láìwẹ̀yìn. "N kò tíì bá ọmọ yìí wí tán."